Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Wá Àṣìṣe Nínú Ètò Ìsopọ̀ Sáfà

Áàpù kan fẹ́ bá sáfà dátábéèsì sọ̀rọ̀, sáfà kò gbà á wọlé. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rí. Ìlà náà lè sọ pé sáfà kọ ìsopọ̀, ó lè sọ pé àkókò ti tán láìrí èsì, ó sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ̀nà. Ohun tó fà á lè wà nínú wáyà, ó lè wà nínú firewall tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì lè wà nínú fáìlì ètò kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́fà. Bí ìwádìí ṣe ń lọ lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ sanwó kò rí owó san, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wo àkọsílẹ̀ aláìsàn kò rí i wò. Nítorí náà, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ wíwá àṣìṣe ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tó ń tọ́jú sáfà kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí èyí tó yá jù. Àgbéyẹ̀wò yìí yóò gbé ọ̀nà wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rọ̀ má bàa rìn lófuurufú, PostgreSQL ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Iṣẹ́ tó bí i bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley lọ́dún 1986 lábẹ́ Michael Stonebraker, ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí lọ́dún 1996. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ó sọ nípa rẹ̀ kan MySQL àti àwọn sáfà mìíràn pẹ̀lú.

Àwọn ẹnu-ọ̀nà tí ìsopọ̀ ń gbà kọjá

Pọ́ọ̀tù 5432 ni PostgreSQL máa ń fetí sí. Ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìlà tó ń jẹ́ listen_addresses nínú fáìlì postgresql.conf. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sáfà náà sórí ẹ̀rọ, localhost ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kan náà nìkan ni yóò gbọ́. Ẹni tó bá ti ìta wá ń kan ilẹ̀kùn níbi tí ògiri wà. Ẹnu-ọ̀nà kejì ni firewall, èyí tó lè ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan lórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, òmíràn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta ni fáìlì pg_hba.conf, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yẹ̀. Ó ń sọ ẹni tó lè wọlé, láti àdírẹ́sì wo, sínú dátábéèsì wo, àti ẹ̀rí tí yóò mú wá. Sáfà ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá àlejò mu ni yóò lò, kò sì ní wo èyí tó kù mọ́, bí ìlà náà tilẹ̀ lé àlejò dànù. Ẹni tó bá kọ ìlà tuntun sí ìdí fáìlì lè fi ọjọ́ kan gbáko máa wá ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́, nígbà tí ìlà àtijọ́ kan lókè ti dáhùn kí ó tó kan tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ aṣínà àti ọ̀nà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. SCRAM-SHA-256 wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 10 lọ́dún 2017. Nígbà tí ẹ̀dà 14 jáde lọ́dún 2021, òun ni sáfà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í lò dípò MD5 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Áàpù àtijọ́ tí kò gbọ́ èdè SCRAM yóò dúró síta bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tọ̀nà. Ẹnu-ọ̀nà ìkẹyìn ni àyè: ìsopọ̀ 100 ni max_connections ń gbà bí a bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ti alábòójútó.

Ohun kan tún wà tó ń sọ ìwádìí tó dára di òfò. Bí a bá yí pg_hba.conf padà, ó tó kí a ní kí sáfà tún fáìlì náà kà. Bí a bá yí listen_addresses padà, àfi kí a pa sáfà kí a sì tún un tàn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò tún ohun tó yẹ kó tún ṣe, yóò rí àṣìṣe kan náà, yóò sì gbà pé ibẹ̀ kọ́ ni àrùn wà. Bí àṣìṣe bá tún wà nínú pg_hba.conf nígbà tí sáfà tún un kà, sáfà yóò kàn kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa bá òfin àtijọ́ lọ. Láti ẹ̀dà 9.5 ni àtẹ pg_settings ti ń fi hàn bóyá àyípadà kan ṣì ń dúró de títún sáfà tàn, láti ẹ̀dà 10 sì ni àtẹ pg_hba_file_rules ti ń fi bí sáfà ṣe ń ka fáìlì náà hàn. Ó dunni pé àwọn tó nílò àtẹ méjèèjì jù ni kò mọ̀ pé wọ́n wà.

Àwọn tó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀

Èrò àwọn wọ̀nyí ti inú àwòṣe OSI wá, èyí tí àjọ ISO tẹ̀ jáde lọ́dún 1984, tó pín iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ìpele méje. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ wo wáyà, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì, lẹ́yìn náà ọ̀nà tí páákẹ́ẹ̀tì (ègé ìsọfúnni tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn) ń gbà, lẹ́yìn náà pọ́ọ̀tù, kí ọ̀rọ̀ aṣínà tó kàn. Ohun èlò wọn àkọ́kọ́ ni ping, tí Mike Muuss kọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Lẹ́yìn rẹ̀ ni traceroute ti Van Jacobson.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé kò fo ohunkóhun, ẹni tí kò tíì ní ìrírí sì lè tẹ̀ lé e. Àwọn ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí òun nìkan ni ìdáhùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun kan bàjẹ́ nítòsí Abidjan tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, asán ni kí ènìyàn máa tú pg_hba.conf wò lọ́jọ́ náà.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ó gùn, ping sì lè tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ firewall ló ń ju ping nù tí wọ́n sì ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tù 5432 kọjá. Òmíràn ń dá ping lóhùn nígbà tí pọ́ọ̀tù náà wà ní títì pa. Ẹni tó bá fi èsì ping parí ọ̀rọ̀ lè kọ orí ìwádìí rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Àwọn tó ní kí a gbọ́ ohun tí sáfà sọ

Àwọn wọ̀nyí ní kí a tó rìn jìnnà, kí a ka ìkọ̀sílẹ̀ náà dáadáa, nítorí irú ìkọ̀ ń fi ibi tí ó ti wá hàn. Mo gbà pé ìmọ̀ wọn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí tí a ó gbé yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pé fúnra rẹ̀.

Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n kọ ìsopọ̀, páákẹ́ẹ̀tì ti débì kan tí wọ́n ti dá a padà. Ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ náà wà, ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fetí sí pọ́ọ̀tù yẹn ní àdírẹ́sì yẹn. Sáfà lè ti kú, listen_addresses lè wà ní localhost, pọ́ọ̀tù sì lè yàtọ̀. Lórí Debian, PostgreSQL kejì tí a bá dá sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà sábà máa ń bọ́ sí pọ́ọ̀tù 5433. Bí ó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, tí áàpù dúró títí tí àkókò fi tán, a jẹ́ pé páákẹ́ẹ̀tì ń sọnù lọ́nà, firewall ni a sì kọ́kọ́ ń fura sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Linux máa ń tún ìkànlẹ̀kùn yìí ṣe ní ìgbà mẹ́fà, tí yóò sì máa fi ìlọ́po méjì àkókò sáàárín wọn, kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 127. Ẹni tó mọ èyí ń lo aago bí irin iṣẹ́: ìdáhùn kíákíá kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ gba oògùn kan náà. Bí sáfà bá wá sọ pé kò rí ìlà tó bá àlejò mu nínú pg_hba.conf, a ti kọjá wáyà àti firewall, kò sí ìdí láti padà síbẹ̀ mọ́.

Àbùkù wọn ni pé sáfà kì í sọ gbogbo òtítọ́ fún àlejò. Bí orúkọ aṣàmúlò kò bá sí rárá nínú dátábéèsì, ohun tí àlejò yóò gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà kùnà. Inú àkọsílẹ̀ sáfà nìkan ni àlàyé gidi wà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí olè má bàa mọ orúkọ tó wà àti èyí tí kò sí. Ẹni tí kò ní àṣẹ láti ka àkọsílẹ̀ ń ka ìdajì ìwé. Àbùkù kejì ni pé páákẹ́ẹ̀tì tí kò dé ọ̀dọ̀ sáfà kò lè fi ẹsẹ̀ ẹyọ kan sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ní kí a dá ọ̀nà sí méjì

Àwọn wọ̀nyí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tàbí láti òkè. Àárín ni wọ́n ti ń gé e. Wọ́n á gbìyànjú ìsopọ̀ lórí ẹ̀rọ sáfà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú 127.0.0.1. Bí ó bá wọlé, wọ́n á fi àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ náà gbìyànjú. Bí ìyẹn náà bá wọlé, wọ́n á bọ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn tó wà nítòsí, lẹ́yìn náà wọ́n á gbìyànjú láti ìta pátápátá. Ibi tí ó bá ti kọ̀ ni àrùn wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Kò sí ọ̀nà tó yá jù ú lọ fún ẹni tó ní àyè sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìdánwò inú ilé kì í fi gbogbo ìgbà jọ ti ìta. Lórí Linux, bí psql kò bá rí orúkọ ẹ̀rọ kankan gbà, kò ní gba TCP kọjá rárá. Ìhò abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní Unix socket ni yóò gbà. Ohun kan náà ni MySQL ń ṣe bí a bá kọ localhost. Ìhò yìí ní ìlà tirẹ̀ nínú pg_hba.conf. Nítorí náà, ẹni tó wọlé láti ibẹ̀ kò tíì dán ẹnu-ọ̀nà tí áàpù ń gbà wò. Ẹni tó bá kọ localhost lè bá ara rẹ̀ lórí ::1, àdírẹ́sì IPv6, nígbà tí òfin tó kọ jẹ́ ti 127.0.0.1 nìkan.

Àwọn tó ń béèrè ohun tó yí padà

Ó ṣiṣẹ́ lánàá, kò ṣiṣẹ́ lónìí: kí ni a fọwọ́ kàn láàárín méjèèjì? Àwọn tó gba ọ̀nà yìí ń pa fáìlì ètò mọ́ sínú Git, ohun èlò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà, kí wọ́n lè rí ẹni tó yí ìlà kan padà àti ọjọ́ tó yí i. Ẹ̀rí tó tì wọ́n lẹ́yìn lágbára. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp pòórá fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ṣàlàyé, àṣẹ kan tí wọ́n pa nígbà ìtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já gbogbo ìsopọ̀ àárín àwọn ibùdó wọn. Ohun èlò tó yẹ kó dí àṣẹ náà lọ́wọ́ ní àbùkù tirẹ̀, àwọn sáfà DNS wọn sì dẹ́kun kíkéde ara wọn fún íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, dídá àyípadà padà ni oògùn.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kùnà ni nígbà tí àyípadà ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 90 ni ìwé ẹ̀rí tí Let's Encrypt ń fún sáfà láti fi dáàbò bo ìsopọ̀ ti ń lò tipẹ́. Bí ètò tó ń tún un gbà bá dákẹ́, ìsopọ̀ yóò já láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìwé ẹ̀rí àgbà kan tó ń jẹ́ DST Root CA X3 parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn ẹ̀rọ tó ṣì ń lo OpenSSL 1.0.2 sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn sáfà tí kò ní ẹ̀bi. Nílé wa níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ń lo dátà fóònù, àdírẹ́sì tí sáfà ń rí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ó sì lè yí padà nígbàkígbà. Ìlà pg_hba.conf tó ń dárúkọ àdírẹ́sì kan ṣoṣo yóò lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta bí ọ̀la bá mọ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé àná nìkan. Àyípadà tí a ṣe sí listen_addresses ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí a kò tún sáfà tàn lẹ́yìn rẹ̀, lè sùn títí di ọjọ́ tí iná bá lọ. Nígbà náà ni gbogbo ènìyàn yóò máa bú iná.

Àwọn tó ń wo ohun tó ń kọjá lórí wáyà

Fún àwọn wọ̀nyí, páákẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Irin iṣẹ́ wọn ni tcpdump, tí wọ́n ṣe ní Lawrence Berkeley Laboratory lọ́dún 1988, àti Wireshark, tí Gerald Combs gbé jáde ní 1998 pẹ̀lú orúkọ Ethereal, tó sì yí orúkọ padà ní 2006. Bí a bá fi tcpdump sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, a ó rí i bóyá ìkànlẹ̀kùn kúrò lọ́hùn-ún, bóyá ó dé síhìn-ín, àti bóyá èsì padà. Ó ń parí àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn tó ń tọ́jú sáfà ju ohunkóhun lọ.

Ó ń béèrè àṣẹ gíga lórí ẹ̀rọ, ẹni tó sì yá dátábéèsì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí TLS, ètò tó ń fi àṣírí bo ìsopọ̀, bá ti bo ọ̀rọ̀, a ó rí i pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, a kò ní rí ohun tí wọ́n sọ. Bí kò bá sì bò ó, a ó rí orúkọ oníbàárà àti owó wọn, ọ̀rọ̀ sì di ti òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú, tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023.

Àwọn tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn

Wọ́n á pa firewall, wọ́n á fi àmì ìràwọ̀ sí listen_addresses, wọ́n á kọ ìlà kan tó gba gbogbo ayé láyè láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí ó bá wọlé, wọ́n á máa ti ilẹ̀kùn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe ẹ̀gàn wọn: lórí ẹ̀rọ ìdánwò tí kò ní dátà ènìyàn, ọ̀nà yìí ń dáhùn kíákíá. Àpẹẹrẹ kan ni SELinux, ètò ààbò tó wà lórí Red Hat, tí kì í jẹ́ kí áàpù abẹ́ Apache kan dátábéèsì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfi tí a bá tan httpd_can_network_connect_db. Kò sí ohun tó ń fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn tó kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú kan.

Lórí ẹ̀rọ tó dojú kọ íntánẹ́ẹ̀tì, ewu ńlá ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún dátábéèsì MongoDB tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n sì ní kí àwọn onídátà wá sanwó ìràpadà. Ẹ̀dà 3.6, tó jáde lọ́dún yẹn kan náà, ló sọ localhost di ibi tí sáfà náà yóò máa fetí sí bí a kò bá sọ fún un. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn láti wá àṣìṣe tó sì gbàgbé láti tì í padà ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bí inú ilé bá kún

Ìkọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ọ̀nà rárá: sáfà ń gbọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà tọ̀nà, ṣùgbọ́n àyè ti tán. Àwọn kan ní kí a gbé max_connections sókè. Àwọn mìíràn ní kí a fi PgBouncer, ètò alágbàtà kan, síwájú, kí àwọn áàpù máa pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò. PostgreSQL ń yan iṣẹ́ kan lódindi fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fífi kún un ń jẹ ìrántí ẹ̀rọ. Ẹ̀dà 14 mú kí ìsopọ̀ púpọ̀ túbọ̀ rọrùn fún sáfà láti gbé, ṣùgbọ́n kò pa ìnira wọn rẹ́. PgBouncer náà ní ẹrù tirẹ̀, nítorí ó fi ẹnu-ọ̀nà kan kún àwọn tí a ti ń wá àṣìṣe nínú wọn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú fáìlì ètò tirẹ̀ àti àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Kí a tó yan èyíkéyìí, ó yẹ kí a wo pg_stat_activity bóyá áàpù ni ó ń ṣí ìsopọ̀ tí kò tì í, torí bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, àyè 1,000 náà yóò kún.

Ohun tí a kò tíì yanjú

Àríyànjiyàn lórí firewall kò tíì tán. Àwọn kan ní kí ó dákẹ́ sí àlejò tí kò fẹ́, kí ọ̀tá má mọ̀ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí ó kọ̀ ọ́ kedere, kí òṣìṣẹ́ tó ṣàṣìṣe lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ dípò kí ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ìjà kan náà ló wà lórí iye òtítọ́ tó yẹ kí sáfà sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ààbò àti ìwádìí ń fa okùn kan náà, kò sì sí ẹni tó tíì fi òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn gbà hàn.

A kò mọ ẹni tó ni fáìlì ètò mọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ohun èlò aládàáṣiṣẹ́ bíi Ansible tàbí Kubernetes bá ń kọ ọ́, àtúnṣe tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe lóru lè pòórá láàárọ̀, ìbéèrè pé "kí ló yí padà" yóò sì ní ìdáhùn méjì tí kò bára mu.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni àwọn ohun èlò tó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ nítorí kí aṣàmúlò má bàa jìyà. Happy Eyeballs, tí RFC 8305 ti ọdún 2017 ṣàlàyé, ń jẹ́ kí áàpù gbìyànjú IPv6 àti IPv4 tẹ̀ léra láìdúró kí ọ̀kan kùnà tán, kí ó sì lo èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn. Aṣàmúlò wọlé, inú rẹ̀ dùn. IPv6 lè wà ní bíbàjẹ́ fún ọdún kan lórí sáfà náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ìlà àṣìṣe kan, títí di ọjọ́ tí IPv4 náà yóò ṣubú.